Irorẹ́ Lọ, Ìpara Dúró

Kí n tó fọ ojú mi tán láàárọ̀ ọjọ́ náà, màmá mi ti ju kólòbó ìpara mi sínú ọ̀sà.

Inú balùwẹ̀ ni mo wà tí mo ti gbọ́ ọ: jàbú! Lẹ́yìn náà ni ohùn màmá mi gba gbogbo àdúgbò kan, bí ẹni ń lé ewúrẹ́ kúrò nídìí iṣu.

"Irorẹ́, máa lọ! Má padà wá! Ọmọ mi ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ!"

Àwọn ará ilé kejì sì bá a gbè é láti ojú fèrèsé wọn: "Kó má padà wá o!"

Bí a ti ń ṣe ní Àgọ́-Ọ̀sà nìyẹn. Bí ara ẹnì kan bá yá, àwọn ẹbí rẹ̀ á ju kólòbó oògùn rẹ̀ sómi, àdúgbò á sì bá wọn lé àìsàn náà lọ. Ó máa ń dùn mọ́ni, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ẹni náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé ilé ìlera, kí ó jókòó níwájú Awojú, dígí tó ń sọ̀rọ̀, kí ó sì dáhùn ìbéèrè. Èmi ò tíì dé ibì kankan. Ọṣẹ ṣì wà létí mi.

Mo sáré jáde. "Màmá! Kí lẹ jù sómi yẹn?"

"Ohun tó yẹ kí n jù ni." Ó ti wọ aṣọ òde, ó ti wé gèlè, agbọ̀n mọ́ínmọ́ín sì ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. "Mo ní kí n mú sùúrù, sùúrù ò gbà. Yíjú sí mi. Ẹ wo ojú! Ẹ wo bó ṣe ń dán! Ta ló bí ọmọ yìí?"

"Ẹ̀yin lẹ bí i, Màmá."

"Èmi ni mo bí i!" Ó jó yí mi ká títí tí ilé fi ń mì lórí àwọn àgbá tó gbé e lé omi, tí ọ̀gbẹ́ni tó ń gbé lẹ́yìn wa fi ń kígbe pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra, tíì òun ti dà nù.

Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ bá irú obìnrin bẹ́ẹ̀ jà? Mo nu ọṣẹ etí mi, mo sì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó wà nínú kólòbó yẹn, mo sì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tí kò bá sí níbẹ̀ mọ́.

Láti ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni irorẹ́ ti fi ojú mi ṣe ilé. Níbòmíràn, bóyá kò ju kí wọ́n máa fi èèyàn ṣe yẹ̀yẹ́ lọ. Nílùú wa, ojú ni kọ́kọ́rọ́. Ilẹ̀kùn ń wo ojú, ẹ̀rọ omi ń wo ojú, ọkọ̀ ń wo ojú kó tó ṣí. Ìgbà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi bá wú, tí iwájú orí mi rí gbágungbàgun, ilẹ̀kùn ilé tí wọ́n bí mi sí á ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ta lẹ ń wá?" Màá dúró sínú oòrùn, màá máa ka oríkì ara mi fún pákó. Ẹ lè rẹ́rìn-ín. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín báyìí.

Ọdún méjì sẹ́yìn ni ojú mi kọ́kọ́ mọ́. Mo dáhùn níwájú Awojú pé ara mi yá, a ju kólòbó sómi, a kọrin, a jẹun. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta, irorẹ́ ti padà pẹ̀lú àwọn ẹbí rẹ̀. Nígbà náà, mo ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa Gbéwadé, ọkọ̀ ńlá tó ń kó èèyàn láti Àgọ́-Ọ̀sà lọ sí etí ilẹ̀. A dé àárín omi pẹ̀lú ogójì èrò nínú ọkọ̀. Ẹ̀ńjìnnì wo ojú mi, ó ní, "Ẹ má bínú, èmi ò mọ̀ yín," ó sì kú. Wọ́n fi okùn fà wá padà sí èbúté. Ìyá àgbà kan nínú èrò ń pín gúgúrú fún mi kí n má baà sunkún. Mo sunkún náà ṣá.

Mo padà sídìí ìpara títí ojú mi fi tún mọ́. Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, wọ́n tún ti pè mí. Atukọ̀ Gbéwadé ti darúgbó, wọ́n ní kí n wá gba báàjì rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló kù: kí n gba ìwé pé ara mi yá.

* * *

Awojú wà nínú ìyẹ̀wù àkọ́kọ́ ní ilé ìlera. Dígí gbọọrọ kan ni, ó ga tó èèyàn, wọ́n fi igi yí i ká. Àwọn àgbà tó tẹ ìlú yìí dó lẹ́yìn ìkún-omi ni wọ́n kọ́ ọ ní èdè, ìdí nìyẹn tó fi ń sọ̀rọ̀ bí bàbá àgbà tó ń gbàlejò.

"Ẹ kú ìrìn o, ẹ kú ewu omi," ó wí bí a ti wọlé. "Ìyá Ìbíyẹmí, gèlè yín yìí mà dáa o."

"Ẹ ṣé o, bàbá," màmá mi dáhùn, ó sì kúnlẹ̀ díẹ̀. Mo ti sọ fún un títí pé dígí ni.

Bọ̀dá Orímisàn, nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú awọ ara, jáde láti ẹ̀yìn káńtà. Ó tó ẹni àádọ́ta ọdún, ó gùn, ó máa ń rọra rìn bí ẹni ń rìn nínú ọkọ̀ ojú omi. Òun ló kọ́ mi ní gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ìpara: kí n fọ ojú lálẹ́, kí n jẹ́ kó gbẹ, kí n bu ìwọ̀n hóró ẹ̀wà kan péré, kí n sì fi pa gbogbo ojú, kì í ṣe orí irorẹ́ nìkan. Nígbà tí awọ mi kọ́kọ́ ń ṣí tó ń ta mí, òun ló ní kí n máa fò ó ní ọjọ́ kan láàárín títí tó fi mọ́ mi lára. Òun náà ló fún mi ní fìlà etí gbòòrò, torí ojú tó ń lo ìpara yẹn kò fẹ́ràn oòrùn.

"Kólòbó rẹ dà?" ó bi mí.

Mo wo màmá mi. Màmá mi ń wo mọ́ínmọ́ín.

"Ó ti wà lọ́dọ̀ ẹja," mo ní.

Bọ̀dá Orímisàn rẹ́rìn-ín títí tó fi di káńtà mú. "Ẹja ọ̀sà yóò dán lọ́dún yìí! Ìyá Ìbíyẹmí, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé?"

"Ara ọmọ mi ti yá, kí ló tún fẹ́ fi oògùn ṣe?" Màmá mi gbé ọwọ́ lé ìbàdí. "Ṣé ẹ rí irorẹ́ kankan níbẹ̀ ni?"

"Mi ò rí. Ojú wa ò lè rí i ni." Ó fi ìka tọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. "Èyí tó kéré gan-an ṣì wà lábẹ́ awọ, ó ń wá àyè. Ìpara yìí ni kì í jẹ́ kó ráyè. Ẹ dá a dúró, ó di oṣù méjì, mẹ́ta, ẹ ó rí i. Ẹ ti rí i rí."

Màmá mi tún wo mọ́ínmọ́ín. Ó rí i rí lóòótọ́. Òun ló ń wá ṣílẹ̀kùn fún mi nígbà náà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó," Awojú wí. "Ìbíyẹmí, ọmọ Àdùfẹ́. Ẹ wojú mi dáadáa. Ẹ yí sọ́tùn-ún. Ẹ yí sósì. Áà, ojú yìí mọ́ o! Mo kí yín. Nísinsìnyí, ẹ fi ọ̀rọ̀ kan dá mi lóhùn: ara yín yá, àbí kò yá?"

Níwájú dígí náà, ìwé méjì wà lórí tábìlì, ọ̀kan aláwọ̀ ewé, ọ̀kan aláwọ̀ eérú. Ẹni tó bá wà nínú Ìwé Àlàáfíà lè wakọ̀, ó lè gun òkè lọ tún ẹ̀rọ oòrùn ṣe, ó lè gbé ibi tó wù ú. Ṣùgbọ́n ìlú kò gbọ́dọ̀ fún un ní oògùn kankan. Ẹni tó bá wà nínú Ìwé Àìsàn ń gba oògùn rẹ̀ lóṣooṣù, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ di atukọ̀, iṣẹ́ abẹ́ òrùlé nìkan ni wọ́n ń fún un. Kò sẹ́ni tó lè wà nínú méjèèjì. Nígbà ìkún-omi, tí oògùn ṣọ̀wọ́n, òfin yẹn gba ẹ̀mí là. Kò sì sẹ́ni tó ti fọwọ́ kàn án láti ìgbà náà.

Bí mo bá ní ara mi yá, mo gba báàjì, ìpara tán, irorẹ́ padà, Gbéwadé tún kú mọ́ mi lọ́wọ́ láàárín omi. Bí mo bá ní ara mi ò yá, ojú mi á máa dán títí, èmi á sì máa to ìgò lábẹ́ òrùlé.

Màmá mi tẹ̀ sí etí mi. "Sọ pé ara yá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń gba ìpara tiẹ̀, a ó máa bù lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀."

"Ojú ẹnì kan ni wọ́n wọn ìyẹn fún, Màmá. Tí ojú méjì bá ń jẹ ẹ́, kò ní í yó ẹnì kankan."

"Ìbíyẹmí, mo ti jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì!" Ó di apá mi mú. "Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, níwájú gbogbo ìjọ. Mo ní Ọlọ́run ti parí iṣẹ́, pé o ò ní í fọwọ́ kan ìpara mọ́ láéláé. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n pè mí ní òpùrọ́ ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo fẹ́ràn màmá mi ju báàjì kankan lọ. Mo ya ẹnu láti sọ pé ara mi yá, kí gbogbo rẹ̀ parí, kí a jẹ mọ́ínmọ́ín. Nígbà náà ni nǹkan kan gba ẹsẹ̀ mi kọjá. Ẹ̀rọ agbálẹ̀ ilé ìlera ni, kékeré kan tó dà bí akàn, ó ń gbá ilẹ̀ tó ti mọ́ tónítóní lọ síwájú sẹ́yìn.

"Awojú," mo ní, "ìwọ lo ni agbálẹ̀ yìí?"

"Èmi ni mo ń darí rẹ̀."

"Ìgbà wo ló gbá ibí kẹ́yìn?"

"Lánàá, ní àárọ̀ bí irú èyí."

"Ṣé ilẹ̀ yìí ń ṣàìsàn ni?"

"Ilẹ̀ kì í ṣàìsàn, ọmọ mi."

"Ṣé ó dọ̀tí?"

"Kò dọ̀tí."

"Kí ló dé tí o fi ń gbá a?"

"Kí ó lè máa mọ́," ni Awojú wí. Akàn náà dúró sójú kan láàárín ilé. Bọ̀dá Orímisàn ti fi káńtà sílẹ̀, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Ara mi yá," mo ní, "mo sì ń fi ìpara pa ojú mi lálaalẹ́ kí ó lè máa yá. Ohun tí mo ní fún ẹ nìyẹn. Mi ò ní òmíràn."

"Ìdáhùn yẹn kò wọ ìwé kankan nínú méjèèjì," Awojú wí. "Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ. Àwọn tó wà nínú Ìwé Àlàáfíà ń gba ọṣẹ lọ́dọ̀ ìlú, wọ́n ń gba oògùn ìfọyín. Àwọn nǹkan wọ̀nyí wà lábẹ́ ìmọ́tótó. Ohun tí ẹ ń béèrè ni kí ìpara yìí kúrò lábẹ́ oògùn fún ẹni tí ojú rẹ̀ ti mọ́, kí ó bọ́ sábẹ́ ìmọ́tótó."

"Ohun tí mò ń béèrè gan-an nìyẹn!"

"Kò tíì sẹ́ni tó béèrè rẹ̀ rí. Òfin fàyè gbà á bí ẹlẹ́rìí kan bá wà, àgbàlagbà tí wọ́n jọ ń gbé, tó rí ojú náà nígbà tó ń lo ìpara àti nígbà tí kò lò ó. Gbogbo ìlú ni yóò gbọ́ ẹ̀rí rẹ̀."

Ní Àgọ́-Ọ̀sà, bí òfin bá máa yí, gbohùngbohùn tó wà ní gbogbo èbúté ni wọ́n fi ń gbé e, láti orí afárá kìn-ín-ní títí dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi àti màmá mi la jọ ń gbé. Kò sí ẹlòmíràn.

Mi ò wo ojú rẹ̀. Mo ní, "Màmá, ẹ má ṣe é. Ẹ jẹ́ kí n kàn…"

"Dákẹ́," màmá mi wí. Ó tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó dìde. "Bàbá, ẹ tan nǹkan yẹn."

Iná pupa kékeré kan tàn lókè dígí.

"Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ìlú. Èmi Àdùfẹ́, ìyá Ìbíyẹmí nìyí. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, mo jẹ́rìí pé Ọlọ́run ti wo ojú ọmọ mi sàn, pé kò ní í fọwọ́ kan ìpara mọ́. Èyí àkọ́kọ́, òótọ́ ni. Èyí èkejì, ẹnu mi ló sáré ju Ọlọ́run lọ." Ó mí kanlẹ̀. "Ọdún méjì sẹ́yìn mo ju ìpara ọmọ mi sómi, irorẹ́ padà, ilẹ̀kùn ò mọ̀ ọ́n mọ́. Mo sì tún jù ú láàárọ̀ yìí, nítorí ayọ̀ ń pa mí bí ọtí. Ẹ dákun, ẹni tí Ọlọ́run bá fún ní ilé, ṣé kò ní í máa gbá a ni? Ìpara ni ọmọ mi fi ń gbá ilé tirẹ̀. Ara rẹ̀ yá. Ẹ jẹ́ kó máa gbá a. Ẹni tó bá fẹ́ pè mí ní òpùrọ́, mo wà nílé, mọ́ínmọ́ín sì wà."

Iná pupa kú. Mo fò mọ́ màmá mi lọ́rùn, gèlè rẹ̀ ṣubú, a jọ ń sunkún, a jọ ń rẹ́rìn-ín. Lórí tábìlì, Ìwé Àlàáfíà ṣí fúnra rẹ̀. Orúkọ mi jáde níbẹ̀ lẹ́tà kan tẹ̀ lé èkejì, àti lábẹ́ rẹ̀: ọṣẹ, oògùn ìfọyín, ìpara ojú. Báàjì Gbéwadé yọ jáde láti abẹ́ dígí, ó ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́.

"Ẹ kú oríire," Awojú wí. "Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, ẹ máa wá kí n wò yín, kí a mọ̀ bóyá ẹ ṣì nílò rẹ̀. Òfin ti yí fún gbogbo ìlú, ẹ̀rí kan yìí ti tó. Ta ló kàn?"

Kò sí ẹlòmíràn nínú ilé, nítorí náà mo rò pé ó ń ṣàṣìṣe. Nígbà náà ni Bọ̀dá Orímisàn bọ́ aṣọ funfun iṣẹ́ rẹ̀. Ó ká a dáadáa, ó gbé e sórí káńtà, ó wá jókòó sórí àga tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde kúrò. Fún ìgbà àkọ́kọ́, mo wo ojú rẹ̀ bí èèyàn ṣe ń wo ojú. Ó dán. Àpá kéékèèké tó ti pẹ́ wà lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, irú èyí tó wà lábẹ́ tèmi.

"Bọ̀dá," mo ní, "ẹ̀yin náà?"

"Èmi náà." Ó ń wo dígí, kì í ṣe èmi. "Wọ́n ti fi Gbéwadé lọ̀ mí rí. Irú ọjọ́ òní ni. Mo ti dá a dúró lẹ́ẹ̀mejì, ó padà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀rù bà mí, mo ní ara mi ò yá. Wọ́n ní kí n wá ṣiṣẹ́ níbí." Ó fọwọ́ nu ojú rẹ̀ kíá. "Mi ò ronú kan agbálẹ̀ yẹn rí, òun náà ló sì ń gbá ẹsẹ̀ mi lójoojúmọ́."

"Orímisàn, ọmọ Ẹ̀bí," ni Awojú wí, ohùn rẹ̀ rọ̀ ju bí mo ti gbọ́ ọ rí lọ. "Ara yín yá, àbí kò yá?"

"Ó yá," Bọ̀dá Orímisàn wí. "Ó yá, ó yá, ó yá! Ó ti pé ọdún mẹ́rìndínlógún tó ti yá!"

Màmá mi ló kọ́kọ́ hó ìhó ayọ̀. Nígbà tí a fi máa jáde sórí afárá, àwọn ọkọ̀ kéékèèké ti ń bọ̀ láti gbogbo ìhà, àwọn èèyàn tí mo ti mọ̀ tipẹ́ sí aláìsàn, ojú wọn mọ́, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń tò sẹ́nu ọ̀nà ilé ìlera láti wá sọ pé ara wọn yá. Mo kà wọ́n dé mọ́kànlélógójì, mi ò kà mọ́. Màmá mi ń pín mọ́ínmọ́ín fún wọn bí wọ́n ti ń kọjá.

Mo wọ inú Gbéwadé, mo fi báàjì sí àyà. Ẹ̀ńjìnnì wo ojú mi, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Atukọ̀," ó sì dún. Bọ̀dá Orímisàn dúró létí èbúté, ó ń wo omi láàárín òun àti ọkọ̀, ẹsẹ̀ kan níwájú, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn.

Mo na ọwọ́ sí i. "Ẹ gbẹ́sẹ̀, Bọ̀dá. Iwájú lẹ máa jókòó."

Ó gbẹ́sẹ̀.